Òkè Kò Ní Kí Ẹ̀jẹ̀ Má Ru

Ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ fún àgbéyẹ̀wò ní alẹ́ yìí jẹ mọ́ ọkàn, iṣan ẹ̀jẹ̀ àti àrùn rọpárọsẹ̀ láàárín àwọn tí ń gbé ní ilẹ̀ olókè. Ilẹ̀ Amuro ni a ó fi ṣe ojúkò ọ̀rọ̀ náà. Amuro wà láàárín àwọn Yorùbá tí a ń pè ní Okun, ní agbègbè Kàbà. Abẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Mopa-Muro ní ìpínlẹ̀ Kogi ni ó wà lónìí. Ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà náà kọjá rí yóò rántí àwọn àpáta ńláńlá tí ó dúró gbagidi, àwọn òkè tí igbó bò, àti àwọn oko tí ó fẹ̀yìn ti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè.

Ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, èrò kan a máa fìdí múlẹ̀ lọ́kàn ènìyàn, pé àìsàn ará ìlú ńlá ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tí ó ń gun òkè lọ sóko ní òwúrọ̀, tí ó ń mí afẹ́fẹ́ tí èéfín ọkọ̀ kò bà jẹ́, tí ó ń jẹ iyán tí ó ti ara iṣu oko rẹ̀ wá, kí ni yóò pa òun àti ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀? Èrò yìí kì í ṣe èrò òmùgọ̀. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òtítọ́ díẹ̀ náà gan-an ni ó mú un léwu, nítorí pé ẹni tí ó bá gbà á gbọ́ kò ní í rí ìdí tí ó fi yẹ kí a wọn ìfúnpá òun. Ohun tí ètò yìí fẹ́ ṣe ni láti ya òtítọ́ inú rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àṣìṣe, bí a ti í fẹ́ ìyàngbò kúrò lára ọkà.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a mọ ohun tí à ń sọ. Ọkàn jẹ́ ẹran-ara tí kò tóbi ju ìkúùkù ọwọ́ ẹni tí ó ni ín lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ti ẹ̀jẹ̀ gba inú àwọn iṣan lọ sí gbogbo ara, a sì máa ṣe èyí ní nǹkan bí ìgbà 100,000 láàárín ọ̀sán àti òru kan. Agbára tí ẹ̀jẹ̀ náà fi ń tẹ ara iṣan bí ó ti ń kọjá ni a ń pè ní ìfúnpá. Dókítà ará Ítálì kan, Scipione Riva-Rocci, ni ó ṣe irú ẹ̀rọ tí a ń fi ọ̀já rẹ̀ wé apá láti wọn ìfúnpá, ní ọdún 1896. Ní ọdún 1905, dókítà ará Rọ́ṣíà kan, Nikolai Korotkoff, fi hàn bí a ti lè gbọ́ ìró ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ ọ̀já náà. Iye méjì ni a máa ń kọ sílẹ̀. Èyí tí ó ga ni agbára ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ọkàn bá fún pọ̀; èyí tí ó kéré ni èyí tí ó ṣẹ́ kù nígbà tí ọkàn bá sinmi. Bí iye àkọ́kọ́ bá ń tó 140, tàbí tí iye kejì ń tó 90, tàbí tí wọ́n ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó sì rí bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí a wọ̀n ọ́n, a jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ti dé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a fi rọ́bà tí a fi ń bomi rin ọgbà ṣe àpèjúwe. Bí omi bá ń fi agbára púpọ̀ kọjá nínú rẹ̀ lójoojúmọ́, rọ́bà náà yóò le, inú rẹ̀ yóò há, ibì kan yóò sì fẹ́lẹ́ débi pé ó lè bẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti iṣan ẹ̀jẹ̀. Bí iṣan tí ó lọ sí ọpọlọ bá dí tàbí tí ó bẹ́, apá ibi tí iṣan náà ń bọ́ nínú ọpọlọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Apá kan ara lè rọ, ẹnu lè wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ lè dá lẹ́nu. Èyí ni àrùn rọpárọsẹ̀, tí àwọn mìíràn ń pè ní ẹ̀gbà. Ohun tí ó sì burú jù lọ nínú ẹ̀jẹ̀ ríru ni pé kì í pariwo. Ibà a máa mú ara gbóná, ọgbẹ́ a máa ta ni, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru lè bá ènìyàn gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹ́ kí ó fura.

Wàyí o, kí ni àwọn onímọ̀ rí lórí òkè? Nínú ìmọ̀ ìṣègùn, ibi tí ó ga ju ìtẹ́jú òkun lọ ní nǹkan bí 2,500 mítà ni a sábà máa ń kà sí ilẹ̀ gíga. Bí ènìyàn ti ń gòkè tó ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́ tó. Ní ibi tí ó ga tó nǹkan bí 5,500 mítà, agbára afẹ́fẹ́ kò ju ìdajì ti etí òkun lọ, a jẹ́ pé bí ènìyàn bá mí lẹ́ẹ̀kan, ọ́síjìn tí ó bá èémí náà wọlé kò ju ìdajì ti ará etí òkun lọ. Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ni yóò wá ọ̀nà bí ara yóò ṣe rí èyí tí ó tó.

Ní ọdún 1925, dókítà ará Peru kan tí ń jẹ́ Carlos Monge Medrano ṣàlàyé àìsàn kan láàárín àwọn tí ń gbé lórí àwọn òkè Andes, níbi tí ìlú àwọn awakùsà bí Cerro de Pasco ga ju 4,300 mítà lọ. Ara àwọn aláìsàn náà ti ń ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó pọ̀ jù kí ó bàa lè rí ọ́síjìn kó, ẹ̀jẹ̀ wọn sì ti ki bí ògì. Ọkàn ń ṣe làálàá láti tì í gba inú iṣan ẹ̀dọ̀fóró kọjá. Orí ń fọ́ wọn, oorun kì í kùn wọ́n, ètè wọn sì ń dúdú. Ẹni tí kò bá kúrò lórí òkè, tí kò sì rí ìtọ́jú, ọkàn rẹ̀ lè dákú lẹ́nu iṣẹ́, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ kíki náà dí iṣan ọpọlọ rẹ̀. Orúkọ Monge ni a fi ń pe àìsàn náà títí di òní.

Kì í ṣe gbogbo ará òkè ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2002, Cynthia Beall, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn nípa àwọn Amhara tí ń gbé ní nǹkan bí 3,500 mítà ní ilẹ̀ Ethiopia. Ẹ̀jẹ̀ wọn kò ki, ọ́síjìn inú rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti ará etí òkun. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ rí i pé àwọn ará Tibet ní àjogúnbá kan nínú ẹ̀yà ara wọn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wọn ki jù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni àwọn baba ńlá wọn ti fi gbé orí òkè, òkè náà sì ti kọ́ ara wọn ní ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tí ó kù o. Àwọn ará Tibet kan náà yìí, tí ara wọn mọ òkè gbé ju ti ẹnikẹ́ni lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ láàárín wọn lọ́pọ̀lọpọ̀. Ọ̀kan nínú ohun tí àwọn olùwádìí ń tọ́ka sí ni tíì wọn, tí wọ́n ń fi iyọ̀ àti bọ́tà sí, tí wọ́n sì ń mu ní àmutúnmu láti òwúrọ̀ di alẹ́. Òkè tí ó ga jù lọ ní ayé kò ní kí ẹ̀jẹ̀ wọn má ru.

Ibo wá ni Amuro dúró sí nínú ọ̀rọ̀ yìí? Òkè tí ó ga jù lọ ní gbogbo Nàìjíríà ni Chappal Waddi, ní ìhà ìlà-oòrùn, lẹ́bàá ẹnubodè Cameroon. Gíga rẹ̀ jẹ́ 2,419 mítà. Bí téńté orí òkè tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ wa kò bá tó 2,500 mítà, a jẹ́ pé kò sí ìlú kan ní Nàìjíríà, ìbáà ṣe Jos tí òtútù ń mú, tí a lè pè ní ilẹ̀ gíga lójú àwọn onímọ̀ wọ̀nyí. Afẹ́fẹ́ Amuro tutù, ó sì dára, ṣùgbọ́n kò fẹ́lẹ́ tó èyí tí ó lè yí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn padà. Ará Amuro kò ní láti bẹ̀rù àìsàn tí Monge rí. Bákan náà ni kò ní ìdí láti rò pé gíga ilẹ̀ òun ni yóò gba òun lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru.

Níbo wá ni òtítọ́ díẹ̀ tí a ní ó wà nínú èrò àwọn àgbà? Ìwádìí méjì láti ilẹ̀ Yúróòpù yóò là wá lọ́yẹ̀. Wọ́n ṣe wọ́n lórí àwọn òkè tí kò ga tó ti Peru tàbí Tibet. Ní ọdún 2009, David Faeh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Switzerland ròyìn pé, ní orílẹ̀-èdè náà, bí ibùgbé ènìyàn bá fi 1,000 mítà ga ju ti ẹlòmíràn lọ, ikú àrùn iṣan ọkàn dín ní ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún, ti rọpárọsẹ̀ sì dín ní ìdá 12. Ibùgbé tí ó ga jù lọ nínú ìwádìí náà kò ju 1,960 mítà lọ. Ọlọ́gbọ́n yóò béèrè pé: ṣé gíga ilẹ̀ ni ó ṣe é, àbí ìgbé ayé àwọn tí ń gbé ibẹ̀?

Ìwádìí kejì, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2005, sún mọ́ ìdáhùn náà. Ní ilẹ̀ Gíríìkì, wọ́n tẹ̀ lé àwọn ará abúlé mẹ́ta fún ọdún 15. Abúlé kan wà lórí òkè tí ó ga ní 950 mítà. Méjì wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ìyàlẹ́nu ni pé ìfúnpá àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará òkè kò sàn ju ti àwọn ará pẹ̀tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀ ikú wọn kéré sí ti àwọn yòókù, pàápàá ikú àrùn iṣan ọkàn. Àwọn olùwádìí náà rò pé ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó fà á ni ẹsẹ̀ tí àwọn ará òkè ń fi rìn: wọ́n ń gùn, wọ́n ń sọ̀, lójoojúmọ́ ayé wọn.

Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ti yí padà? Bí èrò àwọn olùwádìí yìí bá tọ́, kì í ṣe òkè ni ó ń dáàbò bo ènìyàn, bí kò ṣe gígùn tí ó ń gùn ún. Òkè kì í gun ara rẹ̀ fún ènìyàn. Ẹni tí ó ń gbé ẹ̀gbẹ́ òkè tí kò gùn ún mọ́, òun àti ará Èkó kò ní ìyàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Amuro gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ìtàn sísọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè ni ìtàn ọ̀pọ̀ ìletò ilẹ̀ Okun. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Nupe ń kó ènìyàn lẹ́rú, òkè ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sá sí, nítorí pé ẹṣin kì í gun àpáta. Lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company ṣẹ́gun Bida ní ọdún 1897, ẹ̀rù ogun náà dópin. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́ títì, níbi tí ọjà, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìjọsìn wà. Kò sí ẹni tí yóò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ara tí ó ti ń gun òkè láti ìrandíran sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ọ̀nà tí baba ńlá fi ẹsẹ̀ rìn, alùpùpù ni ọmọ-ọmọ fi ń lọ lónìí. Iyọ̀ tí a ti ń bu pẹ̀lú ìṣọ́ra nígbà tí ó ṣọ̀wọ́n ti di ohun tí a ń dà sínú ọbẹ̀, a sì tún ń fọ́ mágí sí i, èyí tí iyọ̀ pọ̀ nínú òun náà. Òkè wà níbi tí ó wà. Àwa ni a kò sí níbẹ̀ mọ́.

Àwọn ìwádìí tí a ti ṣe láàárín àwọn Yorùbá fúnra wọn jẹ́rìí sí i pé ìgbé ayé ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Láti àwọn ọdún 1960 síwájú ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládiípọ̀ Akínkugbé, ọmọ bíbí Òǹdó, ẹni tí ó papò dà ní ọdún 2020, ti ń ṣe iṣẹ́ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní ọdún 1969 òun àti Ojo tẹ ìwádìí jáde lórí ìfúnpá àwọn ará oko àti àwọn ará ìlú. Láàárín ọdún 1973 sí 1975, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ orúkọ àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú ní ìlú Ìbàdàn sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n rí pé ó sábà máa ń ṣíwájú àrùn náà.

Ní ọdún 1997, Richard Cooper, Charles Rótìmí, Babátúndé Òṣótìméhìn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde tí gbogbo ayé mọ̀. Wọ́n wọn ìfúnpá àwọn ènìyàn tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: ní Nàìjíríà àti Cameroon, ní àwọn erékùṣù Caribbean, àti ní Maywood ní Amẹ́ríkà. Ní Nàìjíríà, Igbó-Ọrà, Ìdèrè àti Ìdíkàn ní Ìbàdàn wà lára ibi tí wọ́n lọ. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nǹkan bí ènìyàn 16 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní Caribbean, wọ́n jẹ́ 26. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n jẹ́ 33. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Bí wọ́n ti ń jìnnà sí ìgbé ayé abúlé tó ni ìwọ̀n ara wọn àti iyọ̀ tí wọ́n ń jẹ ń pọ̀ sí i tó, tí ẹ̀jẹ̀ wọn sì ń ru sí i.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Ẹ ò rí i! Abúlé ni ó sàn jù." Òótọ́ ni, ní ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2015, Davies Adélóyè àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn ìwádìí tí a ti ṣe káàkiri Nàìjíríà jọ, wọ́n sì ṣírò pé ìdá 30.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbàlagbà ìlú ni ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àti ìdá 26.4 àwọn ará abúlé. Ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan mọ́. Èyí tí ó yẹ kí ó kó ìpayà bá wa jù ni pé nínú gbogbo àwọn tí ó ní in, ìdá 17.4 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni ó mọ̀ pé àwọn ní in. Nínú ènìyàn mẹ́fà, márùn-ún ń gbé iná sábẹ́ aṣọ láìmọ̀.

Ní ọdún 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà àti Ghana tẹ àbájáde ìwádìí ńlá kan jáde. Wọ́n fi ènìyàn 2,118 tí rọpárọsẹ̀ mú wé iye ènìyàn kan náà tí kò mú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó ṣíwájú gbogbo ohun tí wọ́n rí. Àwọn tí ó tẹ̀ lé e ni ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ẹran jíjẹ lemọ́lemọ́, ikùn ńlá, àtọ̀gbẹ, àìjẹ ẹ̀fọ́ tó, ìdààmú ọkàn, bíbu iyọ̀ sí oúnjẹ nídìí tábìlì, àrùn ọkàn, àìṣe ìdárayá àti sìgá mímu. Ẹ wo ẹ̀fọ́ láàárín wọn! Ẹ̀fọ́ tí ìyá Amuro ń já lẹ́yìnkùlé, tí àwọn ọmọ tí ó ti ìlú dé ń fi ojú àìní wò, òun ni àwọn onímọ̀ ń kọ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ààbò.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi ojú inú wo bàbá àgbẹ̀ kan ní Amuro, ẹni ọgọ́ta ọdún, tí ara rẹ̀ ṣì le. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti Kaduna dé fún ọdún Kérésìmesì, ó sì gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n ìfúnpá kékeré dání.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ na apá yín."

"Ìwọ ọmọ yìí, èmi tí mo ṣì ń ro oko? Ẹ̀jẹ̀ ta ni ó ń ru?"

"Bàbá mi, kí ẹ lè máa ro ó títí ni mo ṣe ń bẹ̀ yín."

Bí bàbá bá na apá, tí ẹ̀rọ sì fi 170 lórí 100 hàn, kò ní láti bẹ̀rù. Wọn yóò jẹ́ kí ó sinmi, wọn yóò tún un wọ̀n, wọn yóò wọ̀n ọ́n ní ọjọ́ mìíràn pẹ̀lú, bí ó bá sì ṣì ga, wọn yóò mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe lẹ́yìn èyí ni pé bí wọ́n bá ti lo oògùn fún oṣù kan, tí ara wọn sì yá, wọn a dá a dúró. Ẹ rántí pé ara wọn yá tẹ́lẹ̀ náà kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò dà bí oògùn ibà tí a ń lò tán. Ó dà bí òrùlé: ọjọ́ tí a bá ká a kúrò ni òjò yóò wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn kan gbè é lẹ́sẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1945, Franklin Roosevelt, Ààrẹ Amẹ́ríkà, sọ pé orí ń fọ́ òun gidigidi, ó sì dákú. Ìfúnpá rẹ̀ ní ọjọ́ náà jẹ́ 300 lórí 190. Iṣan ti bẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀, ó sì kú ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Àwọn dókítà rẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ṣùgbọ́n kò sí oògùn gidi lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 1967 ni ìwádìí pàtàkì kan ní Amẹ́ríkà tó fi hàn kedere pé bí a bá fi oògùn rọ ìfúnpá tí ó ga gidigidi sílẹ̀, rọpárọsẹ̀ àti ikú yóò dín kù. Ohun tí kò sí fún Ààrẹ orílẹ̀-èdè tí ó lágbára jù lọ láyé ní ọdún 1945, bàbá àgbẹ̀ ní Amuro lè rí i gbà lónìí. Kìkì pé kí ó mọ̀ pé òun nílò rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni kò bá wọ̀n ọ́n ńkọ́? Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, bàbá náà lè nawọ́ sí àdá rẹ̀ kí àdá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò fẹ́ pe ìyàwó rẹ̀, ohùn kò ní í já gaara. Àwọn ará ilé yóò sáré dé. Ẹnìkan yóò ní wọ́n ti ta bàbá lọ́fà. Òmíràn yóò ní àwọn ayé ni. Ohun yòówù kí ènìyàn gbà gbọ́ nípa ohun tí ó wà lẹ́yìn àrùn, àárín wákàtí wọ̀nyí ni ọpọlọ ń kú lọ. Oògùn kan wà tí ó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì tí ó dí iṣan ọpọlọ. Láàárín wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ni a gbọ́dọ̀ lò ó, lẹ́yìn tí a bá ti fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú orí láti mọ̀ bóyá dídí ni iṣan dí tàbí bíbẹ́ ni ó bẹ́. Ilé ìwòsàn tí ó ní ẹ̀rọ àti oògùn bẹ́ẹ̀ kò sí ní àrọ́wọ́tó gbogbo ènìyàn. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá tètè dé ilé ìwòsàn, ìbáà jẹ́ Ilé Ìwòsàn ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀ tàbí èyí tí ó tún súnmọ́ni jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò rí ìtọ́jú tí kò sí nínú ilé.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a mú ohun mẹ́ta sọ́kàn: ojú, apá, ọ̀rọ̀. Ẹ ní kí ẹni náà rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan? Ẹ ní kí ó gbé apá méjèèjì sókè. Ṣé ọ̀kan ń já wálẹ̀? Ẹ ní kí ó sọ gbólóhùn kan; ṣé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́? Bí ọ̀kan péré nínú wọn bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ wo aago, ẹ kọ àkókò náà sílẹ̀, kí ẹ sì wá ọkọ̀. Ẹ má ṣe rọ àgbo tàbí omi sí i lẹ́nu, nítorí pé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lè máà ṣiṣẹ́ mọ́, ohun tí a rọ náà sì lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Ṣùgbọ́n ìdènà ni ó sàn ju ìwòsàn lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà yóò jẹ ní ọjọ́ kan má ṣe tó gíráàmù márùn-ún, èyí tí kò kún ṣíbí ìmutíì kan. Kí iyọ̀ inú ọbẹ̀ dín kù, kí ẹ̀fọ́ pọ̀ sí i. Kí ẹni tí oko rẹ̀ kò jìnnà jẹ́ kí alùpùpù sinmi, kí ó fi ẹsẹ̀ rìn. Kí àwọn ọmọ Amuro tí ó wà ní Èkó, ní Abuja àti ní òkè òkun, tí wọ́n ń pé jọ sílé ní ìparí ọdún, fi ẹ̀rọ ìwọ̀n ìfúnpá kún ẹrù wọn, kí wọ́n sì kọ́ ọmọ ilé kan bí a ti í lò ó. Ilé ìjọsìn, mọ́sálásí àti ìpàdé ẹgbẹ́ lè ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ nínú oṣù fún wíwọ̀n. Kò pẹ́ ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ fún ẹnìkan.

Bí àwọn ará Okun bá pàdé, "Okun" ni wọ́n ń kí ara wọn, orúkọ ìkíni náà ni a sì fi ń pè wọ́n. Ìkíni ni, ṣùgbọ́n ẹ lè fi ìbéèrè kan kún un láti òní lọ: "Èló ni ìfúnpá yín?" Ẹni tí ó bá mọ ìdáhùn rẹ̀ ti ṣe ohun tí òkè kò lè ṣe fún un.